Ẹran Ẹtu Lójú Ọ̀nà Massè

Kó má ṣáà bàjẹ́... kó má bàjẹ́. Oòrùn ti yí. Òjìji ọ̀pẹ yìí tún ti sá kúrò lórí gilasíẹ̀, mo sì tún ń wọ́ àpótí omi dídì náà tẹ̀ lé e bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun. Armand dà? Àwa méjèèjì la jọ ṣọdẹ láàárọ̀. Táyà alùpùpù wa bẹ́ níhìn-ín, lójú ọ̀nà Massè, ó yọ ọ́, ó gbé e lọ sí Ikpinlè, pé òun á lẹ̀ ẹ́, òun á sì ra omi dídì bọ̀. Kò tíì dé.

Ó kìlọ̀ fún mi kó tó lọ: "Má ṣí i o, Olúwọlé. Bí o bá ń ṣí i, ooru lò ń pè wọlé."

Mo ṣí i. Mo kàn fẹ́... Ó ṣì tutù. Àbí ọwọ́ mi ló gbóná? Mo ṣáà ṣe é bó ṣe yẹ: mo tètè kó ìfun ẹtu náà jáde, mo so ó kọ́ sójú atẹ́gùn kí ooru ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, mo fi ewé wé e kí omi má rin ín. Omi ló ń yára ba ẹran jẹ́. Àwọn ọ̀rá omi dídì wọ̀nyí ńkọ́? Èyí ti rọ̀. Èyí náà...

Ǹ bá yan án, ǹ bá sinmi. Ṣùgbọ́n Màmá — "Má yan án o, ọmọ mi. Tútù ni mo fẹ́, kí n rí omi ọbẹ̀ rẹ̀ lá." Ohùn tín-ín-rín lórí ẹní àìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi Prisca sì dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé kò sẹ́ran lọ́jà ni? Jókòó tì í!" Mo ní ẹran ọjà ti pẹ́ nílẹ̀. Mo ní... Mo ṣáà jáde.

Ọlọ́kadà tó kọjá lẹ́ẹ̀kan yẹn — "Ẹ̀gbọ́n, Tatonnonkon ni mò ń lọ, ẹ gùn ún." Ilé wa gan-an. Mo ní kó máa lọ, mo ń dúró de ẹnì kan. Ẹran ń gbóná lọ, mo ní kó máa lọ! Kí ló ṣe mí?

Fóònù ń ké. Prisca. N kò gbé e. Ó dákẹ́.

Mo tún... ọwọ́ mi tún ti wà lórí ọmọrí àpótí.

Kì í ṣe ẹran ni mò ń ṣọ́. Láti àárọ̀, bí mo bá ti ro ilé, ẹní ni mò ń rí, láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀. Bí mo bá ṣì wà lọ́nà, Màmá ṣì ń retí mi. Bí mo bá dé... Ìyẹn ni mo ṣe gba igbó lọ. Èmi tí ẹfọ̀n kò lé sá rí, ẹ̀rù yàrá ìyá mi ló ń bà mí.

Oòrùn ṣì mú. Armand kò tíì dé. Mo jókòó lé gilasíẹ̀ lórí, mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́... ẹ gbé e sétí Màmá."