Ohun Tí Kòburú Gbé Mì

Kòburú kọ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ohun yòówù kéèyàn fi ṣe káfíńtà yìí, èsì kan náà ló máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á dá ilẹ̀kùn tó ti kùn tán padà, wọ́n á ní àwọ̀ rẹ̀ ò wu àwọn mọ́. "Kò burú." Awakọ̀ á fi ìdí ọkọ̀ gbá pákó rẹ̀ dànù. "Kò burú." Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, ọkọ òun á kọ́kọ́ kí iná pé ó kú iṣẹ́.

Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò fi ṣeré rárá. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í pa ọjọ́ ọsibítù jẹ. Òun yìí kan náà ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ara rẹ̀ má bàa bó. Ọdún mẹ́fà gbáko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó lọ gbé fèrèsé fún oníbàárà. Ìyàwó rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Kò lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa dé, màmá ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí kún pálọ̀ fọ́fọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, tí kò sì yọjú sílé láti ọdún mẹ́ta, dìde láàárín èrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Báwo lẹ ṣe jẹ́ kí màmá kú lóun nìkan, bí ẹni tí kò bímọ?"

Gbogbo ojú yí sí Kòburú. Ọ̀rọ̀ kún un lẹ́nu, ó dé ètè, ó gbé e mì.

"Kò burú," ló wí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife jọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti jókòó sí i láyà. Bó bá ti ki ayùn bọ pákó, ohùn àbúrò rẹ̀ á dé, àyà rẹ̀ á máa lù, á sì gbé ayùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ra ẹlẹ́rìndòdò tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dà á sọ́fun láìmí, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó mọ̀ pé ohun tó máa pa òun lòun ń mu. Ṣùgbọ́n ta ló tún lè fún un ní ogún ìṣẹ́jú ìsinmi? Kó tó di oṣù méjì, ó ti di ìgò mẹ́rin lójúmọ́. Abẹ́ òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó ló ń bo àwọn ìgò òfìfo mọ́ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa rí wọn.

Oògùn ńkọ́? Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Òun àti màmá ni wọ́n jọ máa ń lo tiwọn láàárọ̀. Bó bá ti mú un lọ́wọ́ báyìí, á rántí, á dá a padà. Kò dé ọsibítù mọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ṣàì béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun á bú sẹ́kún lójú àwọn tó wà lórí ìlà.

Nígbà tí ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kò tiẹ̀ mọ̀, àìsàn náà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ìyàwó rẹ̀ ló gbóòórùn. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì pariwo.

"Kò burú, egbò kékeré ni," ni Kòburú wí.

"Kí ni ò burú? Ẹ wo ẹsẹ̀ yín! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì náà fa àga jókòó tì í. "Bàbá, oṣù méje lẹ ò fi yọjú. Ṣé oògùn lẹ ò rí rà ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

Ó ya ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Ohun mìíràn ló jáde. "Inú ń bí mi, ọmọ mi. Inú ń bí mi gan-an ni. Mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí."

Nọ́ọ̀sì ò wàásù fún un. Ó ní kó máa sọ ọ́ lọ, ó sì jókòó gbọ́ ọ tán.

Àbúrò rẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ò kúrò níbi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi wẹ màmá," ni Kòburú dáhùn. Ohùn rẹ̀ ga débi pé àwọn aláìsàn tó kù gbórí sókè. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo wá? O wá dúró lójú gbogbo ẹbí, o ní èmi ni mo jẹ́ kó kú!"

Àbúrò rẹ̀ jókòó, ó sorí kọ́. "Ojú ló ń tì mí lọ́jọ́ yẹn. Mò ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi náà rù. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní fèsì."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dun Kòburú ju ẹsẹ̀ tí wọ́n gé lọ. "Máa lọ ná," ló sọ fún un. "Mi ò tíì lè dárí jì ọ́. Bó bá yá, mo máa ránṣẹ́ pè ọ́." Àbúrò rẹ̀ lọ. Títí di òní, Kòburú kò tíì ránṣẹ́ pè é.

Káfíńtà mìíràn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Kòburú ń lo oògùn rẹ̀, kò fẹnu kan ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Bí àyà rẹ̀ bá ti ń kún, á pe ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ó tún ti dé o," ìyẹn á pa iná ìdáná, á wá jókòó. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níbi mẹ́wàá; méjì péré ló mọ̀ lára.

Òkè kẹta ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n ti ń ti ọsibítù bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kejì, ó gbé igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sunkún kíkankíkan. Àwọn ará ilé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í títí ó fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló dì í lápá mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ.