Ibi Tí Ọ̀dà Kò Gbọdọ̀ Dé

Ọkọ̀ Bàbá ti gbó kí wọ́n tó rà á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi kéèyàn fi ìdí gbá a, fèrè rẹ̀ ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, Bàbá a máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje. Ogójì ọdún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Èyí nìkan ni wọ́n wà rí tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún wọn pé, "Ó tó, bọ́ọ́lẹ̀."

Àfi àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà nítorí iná iwájú. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá wọn ní bó bá tún kùnà, àwọn á tú nọ́ńbà rẹ̀, kò sì ní rin títì mọ́ láé. Aago méjì ọ̀sán òní ni ẹ̀ẹ̀kẹta ọ̀hún. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Bàbá ti wẹ̀, tí wọ́n ti dé fìlà, tí wọ́n sì ti jókòó sídìí ọkọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ.

Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni ọmọbìnrin wọn ń ṣe, Ríwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kun ọkọ̀ lọ́dà, Pẹ́ńtà ni wọ́n ń pe òun. Inú ṣẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ògiri páákó kan ló wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀dà a máa di Ríwáyà létí, fèrè ọkọ̀ tí Ríwáyà ń dán wò a sì máa jí Pẹ́ńtà lójú oorun ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá pé àádọ́rin ọdún, lọ́dún tó kọjá, àwọn méjèèjì sọ ọkọ̀ náà di ọ̀tun fún wọn. Pẹ́ńtà kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ń dán débi pé àkùkọ àdúgbò ń bá àwòrán ara rẹ̀ jà lára ilẹ̀kùn. Ríwáyà na wáyà tuntun sí i. Láti ọjọ́ náà ni iná iwájú ti ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ríwáyà ti pààrọ̀ gílóòbù, ó ti pààrọ̀ bátìrì, ó ti wá ojú iná mìíràn fún oṣù méjì kó tó rí i. Ojú ń tì í. Ọkọ̀ gbogbo ayé ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ nìkan ni kò tàn.

"Bàbá, ẹ bá mi tan iná iwájú."

Wọ́n tàn án. Ti ọ̀tún pọ́n bí pupa inú ẹyin, ti òsì kàn wà níbẹ̀ lásán.

"Ẹ fi tráfíkétọ̀ sí òsì."

Bí tráfíkétọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni iná ńlá ń rọlẹ̀ tó tún ń gbéra, tí iná kékeré tí ẹnikẹ́ni ò tàn sì ń bá wọn ṣẹ́jú. Ríwáyà dúró sójú kan. Iná tí ọ̀nà tirẹ̀ bá dí ló máa ń gba ilé onílé kọjá báyẹn. Ó mú wáyà gígùn kan, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ orí bátìrì níbi tí iná ń padà sí, ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin tó gbé iná òsì dúró. Iná náà là yàà. Ó yọ wáyà, iná pọ́n. Ó tún fi kàn án, Bàbá sì kígbe láti inú ọkọ̀ pé àwọn ti rí ògiri òdìkejì, ó kù díẹ̀ káwọn rí ọ̀run.

Iná kì í lọ láìbọ̀. Ohun tó bá ti inú bátìrì jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, irin ara ọkọ̀ sì ni ọ̀nà náà, láti ojú bóòtù tí a fi de wáyà mọ́ ọn. Ríwáyà tú bóòtù ọ̀hún. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí irin ti kan irin, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló bá, ó nípọn, ó dán, ó mọ́ bí abọ́ àlejò. Ó tú ti ọ̀tún. Bákan náà ni. Ó jókòó sórí táyà.

Ó mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe é. Bàbá ló kọ́ wọn láti kékeré pé ibi tí ojú ò dé ni kéèyàn ti ṣiṣẹ́ jù. Pẹ́ńtà tú gbogbo bóòtù, ó kun abẹ́ wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta, ó sì ń fi yangàn fún gbogbo oníbàárà pé kò sí ibi tó fẹ̀ tó èékánná tí ọ̀dà òun ò dé lára ọkọ̀ Bàbá. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ọ̀dà náà ló ń pa iná?

Èyí tó burú jù ni pé Ríwáyà fúnra rẹ̀ ló de wáyà lé ọ̀dà náà lórí. Ọ̀dà ò tíì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nígbà náà, Pẹ́ńtà dúró tì í pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu ọ̀dà lọ́wọ́, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ha á." Ríwáyà mọ̀ pé ó yẹ kóun ha á. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dán ju ọ̀dà lọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ó dè é bẹ́ẹ̀, ó sì gbàgbé, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ gbàgbé.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Pẹ́ńtà ti lọ ra tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Ríwáyà lè ha ọ̀dà náà kíá, kó de bóòtù padà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó gbé sánpépà lé e. Ó gbé e kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o ń ha á ni, àbí o ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?" Bàbá bèèrè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró de ẹ̀gbọ́n mi."

"Aago méjì ò ní dúró dè é."

"Mo mọ̀, sà."

Pẹ́ńtà dé, agolo tínà lọ́wọ́. Ó rí bóòtù nílẹ̀, ó rí sánpépà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo jẹ̀bi," ni Ríwáyà wí. "Iná ò lè gba inú ọ̀dà kọjá. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo dè é. Ojú yín ni mo ń wò." Ó fi wáyà gígùn náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi kàn án fúnra yín."

Pẹ́ńtà fi kàn án, iná là. Ó yọ ọ́, iná pọ́n. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́fà, bí ẹni tó ń bẹ iná pé kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ọdún kan gbáko," ló wí níkẹyìn, "ni mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àbúrò mi ò mọ iná mọ́."

"Mò ń gbọ́ yín. Páákó lásán ni ògiri yẹn."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Pẹ́ńtà ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba sánpépà. "Bí wọ́n bá máa ha ọ̀dà mi, èmi ni màá ha á. Ìwọ á kàn sọ ọ́ di ojú ẹni tí ológbò ya. Báwo ló ṣe máa fẹ̀ tó?"

"Kó ju orí bóòtù lọ díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. A ò fẹ́ rán aṣọ fún un."

Ó ha á lọ́tùn-ún àti lósì títí irin funfun fi yọ, ó yípo rébété. Ríwáyà de bóòtù mọ́ ọn, ó fi gírísì pa á kó má baà dógùn-ún. Nígbà tí Bàbá tan iná, àkùkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ìjà sílẹ̀ ó sá lọ.

Ní aago méjì, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú iná. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà sáré dé òpin, ó dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí pé ó dára, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fi ìka tọ ọ̀dà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni, sà." Pẹ́ńtà ti gbé àyà síwájú.

"Iṣẹ́ ńlá nìyí. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ìka rẹ̀ dé ibi bóòtù, ó dúró. "Àmọ́ o gbàgbé ibí. Àti ibí náà."

Ríwáyà la ẹnu láti ṣàlàyé, nítorí ó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Mi ò gbàgbé, sà," ni Pẹ́ńtà wí. "Àbúrò mi ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Òun ni ọ̀gá iná."

Ọkùnrin náà lu òǹtẹ̀ sórí ìwé. Ríwáyà wo ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní gírísì ló ta sí i.

Bàbá ò pa iná nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì ń ta gan-an. Gbogbo èèyàn ojú títì ló ń nawọ́ sí wọn pé iná wọn wà ní títàn. "Mo mọ̀," ni Bàbá ń dá wọn lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi délé.