Sípánà Bàbá Wa

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi kó mi nírìíra, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá tó bí wa ló ń tún ẹ̀rọ omi abúlé wa ṣe nígbà ayé rẹ̀. Sípánà rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà, ẹnu rẹ̀ kún fún eyín, òun nìkan ló sì lè di páìpù ńlá ibẹ̀ mú. Nígbà tí àbúrò mi wọ òṣèlú, sípánà yìí ló máa ń gbé sókè níbi ìpolongo, tí á ní omi ń bọ̀. Omi-ń-bọ̀ ni wọ́n kúkú ń pè é. Ó di káńsílọ̀, ó di aṣòfin, ó di mínísítà, sípánà sì bá a lọ sí olú ìlú.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bà jẹ́. A kọ lẹ́tà títí, kò fèsì. Odò tí màlúù ń tọ̀ sí la padà sí. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru dá ọmọ ọmọ mi dùbúlẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ bá a ní olú ìlú.

Wákàtí mẹ́ta gbáko ni akọ̀wé rẹ̀ fi mí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tábìlì àbúrò mi fẹ̀ ju yàrá mi lọ, omi inú ike kún orí rẹ̀ rẹpẹtẹ. Sípánà bàbá wa wà lára ògiri nínú gíláàsì, ó ń dán gbinrin. Mo ní kó gbé e fún mi. Ó ń kùn pé àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí mo ní mi ò ní kúrò lórí àga ló pe oníkámẹ́rà wọlé, ó gbé sípánà lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Itọ́ rẹ̀ tutù lójú mi. Mo fara dà á nítorí ọmọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ sọ fún wọn nílé pé mi ò gbàgbé wọn o.”

Gbogbo abúlé ti tò yí ẹ̀rọ ká pẹ̀lú garawa nígbà tí mo dé. Mẹkáníìkì kan fi sípánà di páìpù, ó fà, ó yọ̀. Ó tún fà, ó yọ̀. Ó wá fọwọ́ kan ẹnu sípánà wò.

“Màmá, wọ́n ti ha gbogbo eyín rẹ̀ kúrò,” ló wí. “Wọ́n fẹ́ kó máa dán ni.”

Ọjọ́ tí a sin ọmọ náà ni ìwé ìròyìn gbé àwòrán wa jáde: èmi, àbúrò mi, àti sípánà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mínísítà ti fún abúlé rẹ̀ lómi. Mo fi ìwé náà nu ìgbẹ́ ọmọ tó kù nílẹ̀ yàrá.