Ọwọ́ Òsì Wuryanto

Bí máàkì ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi, Wuryanto, kò bá gòkè nínú ìdánwò òní, wọn yóò gba àyè rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń padà bọ̀ sípò ni wọ́n ń tọ́jú lọ. Òfin yẹn ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá yí i padà?

Rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá. Kó tó dé, òun ni olórí àwọn tó ń gbé tíì fún àlejò níbi ìgbéyàwó ní abúlé wa lẹ́yìn ìlú Klaten. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tó bá fi ọwọ́ kan gbé ife fún àlejò, tí kò fi òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ró, ojú tí Bàbá máa fi wò ó burú ju ẹgba lọ.

Lánàá nílé, ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ló fi gbé ife kúrò lórí tábìlì. Mo pariwo, mo jó!

Àǹtí Ratri, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò náà fún un, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí Bàbá gbé ife sórí pákó kan. Nígbà tó rí i pé pákó náà ga jù fún un, ó na ọwọ́. "Ó dáa, Bàbá, èmi ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Òùngbẹ kúkú ń gbẹ mí."

Ife gbéra. Ni ọwọ́ òsì bá yọ́ wá, ó gbé ọ̀tún ró ní ìgbọ̀nwọ́.

"Áà, Bàbá! Ọwọ́ kan ṣoṣo ni o. Bí èkejì bá ti kàn án, òdo ni."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Òsì tún tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ìdánwò ni o, kì í ṣe ìgbéyàwó!" ni mo jágbe. Mo di ọwọ́ òsì náà mú mọ́ itan rẹ̀.

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Ó fi ojú tó máa ń fi wò mí níwájú àlejò nígbà tí mo wà lọ́mọdé wò mí. Kò gbé e mọ́.

"Wọ́n lè ṣe é! Ojú mi ló ṣe!"

"Mo gbà yín gbọ́," ni Àǹtí Ratri wí. "Ohun tí mo bá rí níbí nìkan ni wọ́n ní kí n kọ."

Ó kọ òdo. Ó gbé ìwé náà fún mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Bàbá ń wò mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.