Ilẹ̀ Àkírà Kò Tíì Sinmi

Bí inú bá ń bí Bàṣírátù, kì í pariwo, ilẹ̀ ló máa ń gbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ti gbá iyàrá rẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ké pé, "Ìyá Ọmọpẹ́, mo bẹ̀ yín, eruku ti tán lára mi!" Síbẹ̀, ó ń gbá a lọ. Bí ọwọ̀ bá ti kanlẹ̀, á pe orúkọ ìlú kan sábẹ́ ètè: Àkírà. Àkírà ni wọ́n ń kó òun àti ọmọ òun lọ lọ́la.

Ẹ má sì rò pé kò fẹ́ Àkírà rí o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó láti Màsífà wá sí agbo ilé yìí ní Ẹ̀jìgbò, Àkírà ló ń lá lálá. Ibẹ̀ ni Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ ti ń ta abọ́ tánńganran. Bí ọdún bá yípo, ọkùnrin náà á wálé, á fún ìyàwó lóyún tàbí ìlérí, á sì padà. Ọmọ tó bí, Ọmọpẹ́, ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, nígbà tó sì rí bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ńṣe ló figbe ta bí ẹni tó rí eégún. Bàṣírátù fẹ́ ilé tirẹ̀, tí ọkọ wà nínú rẹ̀. Ó ti ṣe tán àtilọ. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mì.

Ọdún 1939 ni. Kí iṣu tuntun tó wọ̀lú ni àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn kan ti Góòlù Kóòsì dé, tí wọ́n ní ilẹ̀ mì ní Àkírà.

"Ilẹ̀ wo?" ni Bàṣírátù bi wọ́n.

"Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni! Ó gbọn ara rẹ̀ bí ajá tó jáde lódò. Ilé wó. Èèyàn kú."

Nígbà tí Mùtàlíbù wá dé láti kó ìyàwó, Bàbá Àjàmú, baálé agbo ilé, pe gbogbo ẹbí jọ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbálẹ̀ yìí, ó ní kó sọ bó ṣe rí. Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i bó ṣe rẹ́rìn-ín! Ó ju apá agbádá sí èjìká, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ilẹ̀ kàn mì díẹ̀ ni, bí ìgbà tí lọ́rì bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Oúnjẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ fi òkèlè sílẹ̀."

"Ilé tó wó ńkọ́?" ni Bàṣírátù bèèrè láti ẹ̀yìn, lórí ìkúnlẹ̀.

"Ògbólógbòó ilé ni. Èyí tó ti ń wá ẹni tí yóò ti òun."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àjàmú fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Obìnrin kì í bi ilẹ̀ léèrè kó tó tẹ̀lé ọkọ. Lọ́la, ẹ ó wọ ọkọ̀." Àpèkẹ́, ìyá Mùtàlíbù, tí ohùn rẹ̀ ń dé oko kí òun fúnra rẹ̀ tó kúrò nílé, sì fi tirẹ̀ lé e: "Àbí ọmọ tèmi ni kó máa dá se ọbẹ̀ títí láé? Ìwọ lo fẹ́ ará Àkírà, àbí èmi?"

Bó ṣe di pé Bàṣírátù ń gbálẹ̀ nìyẹn.

Mùtàlíbù ti jẹun yó, ó nà gbalaja sórí ẹní nínú iyàrá ìyàwó rẹ̀, ó ń fi igi tayín. Ọmọpẹ́ sùn sórí ẹní kékeré lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn wà. Òjò ń rọ̀ níta.

"Iyàrá méjì ní Àkírà, ìyá Ọmọpẹ́!" ni ọkọ ń wí. "Ògiri olókùúta! Àjà wà lókè! Owó tí mo fi gbà á, bí ẹní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Àánú mi ló ṣe onílé."

"Kí ló dé tí àánú yín fi ṣe é?"

"Ojú mi ló wò."

"Ojú yín náà ni mò ń wò yìí, àánú kankan ò ṣe mí."

Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Lásìkò yìí gan-an ni àwọn ìyàwó ilé ń múra iyán ìdágbére. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n gúnyán ní gbangba, ni Mùínàt, ìyàwó àbúrò Mùtàlíbù, bá ní kí wọ́n yí odó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n to odó ti ògiri iyàrá Bàṣírátù gan-an, obìnrin méjì méjì nídìí odó kọ̀ọ̀kan, apá wọn dàbí itan ẹṣin. Mùínàt gbé ọmọrí odó sókè.

Gbì!

Ilẹ̀ iyàrá dáhùn. Gbì! Gbì! Gbì-gbì-gbì! Erùpẹ̀ já bọ́ láti orí àjà. Igbá tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀.

Mùtàlíbù ń sọ lọ́wọ́ pé, "Onílé náà tún ní òun á..." Kò parí rẹ̀. Bàṣírátù rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ funfun bí ẹyin. Kó tó ṣẹ́jú, ọkùnrin náà ti kúrò lórí ẹní. Ó fò! Ó fò lórí Ọmọpẹ́ kọjá, ó gba àárín odó méjì, ó da àwo iṣu sísè nù, ó bọ́ sí àgbàlá, ó sì dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Ẹ jáde! Ẹ jáde síta! Ó ti dé o! Ó tún ti dé o!"

Ọmọrí odó dúró lókè.

"Kí ló dé?" ni Mùínàt bi í. "Ará ilé, iyán ni o."

Ẹ̀rín bẹ́! Mùínàt rín títí ó fi jókòó sínú iṣu. Àwọn ọkùnrin jáde láti ojúlé wọn, wọ́n wo Mùtàlíbù nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá Àkírà lọ́rùn, wọ́n di ògiri mú.

Ẹnì kan ni kò rín. Bàṣírátù dúró nínú iyàrá, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń sùn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò kan ọmọ náà. Kò pe orúkọ rẹ̀. Ó fò ó bí ẹní fo kùkùté.

Àpèkẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé. Ó pa ẹnu dé gbàmù. "Ẹ dákẹ́! Ó fo ọmọ kọjá!" Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí? Bí èèyàn bá fo ọmọ kọjá, àfi kó gba ọ̀nà tó gbà lọ fò ó padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà ò ní ga jù bó ṣe wà lọ. "Mùtàlíbù, dìde! Wá fo ọmọ rẹ padà!"

Mùtàlíbù dìde, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó wo òkè àjà, ó fa ẹsẹ̀ náà padà.

"Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé odó jáde."

"Wọn ò gún un mọ́!"

"Ẹ gbé ọmọ náà wá síta, ìyá mi. N ó fò ó níbí."

"Ibi tí o ti fò ó lo ti máa fò ó padà! Ṣé ọjà ni ọmọ, tí a ó kiri rẹ̀ wá bá ọ?"

Ibẹ̀ ni Bàṣírátù ti jáde, tòun ti ọwọ̀ lọ́wọ́.

"Mùtàlíbù."

Ìyàwó, kó la ẹnu pe ọkọ lórúkọ? Mùínàt fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n kò bo etí.

"Ilẹ̀ tó mì díẹ̀," ni Bàṣírátù wí, "tí o kò fi òkèlè sílẹ̀, òun náà ló ní kí o fi ọmọ rẹ sílẹ̀?"

Bàbá Àjàmú sáré jáde. "Èèwọ̀! Ta ló ń pe ọkọ lórúkọ nínú agbo ilé mi?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ dúró, mi ò tíì pè é tán." Kò bojú wẹ̀yìn. "Mùtàlíbù, ìgbà wo ni ilẹ̀ Àkírà mì kẹ́yìn?"

"Ọjọ́... ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nílé."

"Ṣé kò tíì dúró ni?"

"Ó ń dúró. Á tún mì. Á tún dúró. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa sinmi."

"Níbo lò ń sùn?"

"Ní gbangba létí òkun. Àwa púpọ̀ ni."

"Iyàrá méjì olókùúta ńkọ́?"

Mùtàlíbù wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ibòmíràn. "Ògiri rẹ̀ ti là," ló wí jẹ́jẹ́. "Apá èèyàn ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti sá. Ìdí nìyẹn tí onílé fi..."

"Tí àánú rẹ fi ṣe é! Inú ilé yẹn lo fẹ́ tẹ́ ọmọ mi sí, kí ìwọ nìkan máa mọ ìgbà tó yẹ ká sáré!" Bàṣírátù na ọwọ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ̀ já, igi ọwọ̀ fọ́n ká àgbàlá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, èyí sì tún bí i nínú sí i.

Bàbá Àjàmú wúkọ́. Ẹ wo àgbà bó ṣe ń yí padà bí ojú ọjọ́! "Ó tó. Èmi ni mo ní kó lọ. Èmi náà ni mo ní kó má lọ mọ́. Mùtàlíbù pàápàá ò lọ. Ẹ wá ọkọ́ fún un, ilẹ̀ wà lóko." Gbogbo ilé ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀!" Wọ́n yíjú sí Bàṣírátù, wọ́n ń retí kó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, láàárọ̀, ẹ ní kí n lọ, ẹ ò bi mí. Nísinsìnyí, ẹ ní kí n má lọ, ẹ ò bi mí. Ọjọ́ wo lẹ máa bi mí? Ẹni tí iyán ń lé sá yìí, òun lẹ fẹ́ gbé ọkọ́ fún? Kò gbin ẹ̀bù kan rí láyé. Abọ́ ló mọ̀ ọ́n tà, Àkírà sì ni abọ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá lọ, ebi ni. Bó bá dá lọ, opó tí ọkọ rẹ̀ kò kú ni mí, bí mo ti ń jẹ́ bọ̀." Ó dìde, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ilé wo ni kò wó?"

"Ẹ̀n?"

"Nígbà tí ilẹ̀ mì! Ilé wo ni kò wó? Àbí gbogbo Àkírà ló ń sùn létí òkun?"

Mùtàlíbù yọ ẹrẹ̀ létí. "Ilé àwọn apẹja. Ilé alápákó, tí wọ́n fi páànù bò. Ó kàn ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún ni, kò wó."

"Kí ló dé tí o kò gba ìyẹn?"

Mùtàlíbù tún agbádá ẹlẹ́rẹ̀ ṣe lọ́rùn. "Ìyá Ọmọpẹ́, èmi náà? Nínú pákó, bí adìyẹ nínú àgò? Kí ni àwọn ará Ẹ̀jìgbò tó wà níbẹ̀ máa wí?"

"Wọ́n á wí pé o wà láàyè!"

Igbe yẹn jáde lẹ́nu Bàṣírátù, ọmọ jí, adìyẹ sá. Kó tó mí, ẹnì kan já ìdí ọwọ̀ tó kù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpèkẹ́ ni. Bàṣírátù múra sílẹ̀ de ìyà, nítorí ó pe ọkọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Mùtàlíbù ni ọwọ̀ náà bá wí.

"Àgò adìyẹ! Inú ahéré alápákó ni mo bí ọ sí lóko, ṣé ó wó pa ọ́? Àgò adìyẹ ló wò ọ́ dàgbà, aláìmoore!" Ó lé e yí odó ká. Mùtàlíbù wo òjò, ó wo àjà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó rí i pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá rẹ̀ ló léwu jù. Ó sá wọ iyàrá gẹ̀rẹ̀, ó sì fo Ọmọpẹ́ padà bó ti ń lọ. "Ó ti fò ó!" ni Mùínàt kígbe. "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti fò ó padà!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lọ́rì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ilé alápákó ni wọ́n ń lọ gbà, ẹnikẹ́ni ò sì tún bi Bàbá Àjàmú. Mùtàlíbù gòkè. Bàṣírátù gbé ẹrù, ó pọn ọmọ, ó gòkè, kò kí ọkọ rẹ̀. Ẹrù kẹta sì fò wọlé, *gbàà!* Àpèkẹ́ tẹ̀lé e.

"Níbo lò ń lọ, àgbà obìnrin?" ni Bàbá Àjàmú ké láti ìsàlẹ̀.

"Ẹni tó parọ́ fún baálé, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀ nípa ilé? Èmi ni n ó fi ìdí ara mi ti ògiri náà wò!"

Bàbá Àjàmú pàṣẹ. Dírẹ́bà tẹ iná mọ́tò, ariwo rẹ̀ gbé àṣẹ lọ. Àpèkẹ́ fi ìdí wá àyè, ó jókòó sáàárín ọkọ àti ìyàwó bí àpò ìyọ̀.

Wọ́n ti rìn jìnnà kí Mùtàlíbù tó gbìyànjú. "Ìyá Ọmọpẹ́, ṣé ibi tí o jókòó sí dára?"

Bàṣírátù ń wo igbó tó ń sá lọ. "Ìyá, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ilé alápákó yẹn, ẹnu ọ̀nà mélòó ló máa ń ní?"

Àpèkẹ́ yí ọrùn. "Mélòó?"

"Ọ̀kan ni."

Ó yí ọrùn padà. "Ọ̀kan ni."

"Ẹ sọ fún un pé kó wá gbẹ́nàgbẹ́nà. A ó lu èkejì kí ẹrù wa tó wọlé. Láàárín ọ̀nà méjèèjì ni gbogbo wa ó máa sùn, ọmọ á sì wà lápá mi."

Mùtàlíbù kùn nǹkan kan.

"Kí ló wí?"

"Ó ní onílé lè má gbà."

Bàṣírátù gbé ọmọ lé itan nígbà tí lọ́rì gun òkè kan tán. "Ẹ bi í," ló wí, "bóyá onílé náà lọ́mọ."