Ẹni Tí Kò Jókòó Lórí Ìrun

Ràúdátù forí kanlẹ̀, ó gbé e sókè, ṣùgbọ́n kò jókòó. Àwọn obìnrin ilé jókòó lórí ẹsẹ̀ wọn, òun nìkan ló wà lórí eékún gbọnrangandan tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, Àṣàbí, ìyá ọkọ rẹ̀, rọra fa Yàhàyá, ọmọ ọmú, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Àlùjọ̀nnú tí kì í jẹ́ ká jókòó kírun kò níí jẹ́ kí ọmọ yè. Bí a bá kí Aláásárì tí ìyàwó yìí kò jókòó, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ ń gbé ibí."

Ọkọ Ràúdátù wà níbi ojú irin tí òyìnbó ń là lọ sí Jẹ́bà. Ta ni yóò gbà á sílẹ̀? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ fún wọn pé kókó kan tó tó ẹyin àdàbà wú sí òun lójú ara, lápá òsì? Omi tí wọ́n fi fọ àkọlé Kùránì kúrò lára wàláà ni wọ́n ń fún un mu. Bí Ràúdátù bá wọlé bá wọn, ọ̀rọ̀ wọn á dá. Nígbà mìíràn kókó náà á máa mí sókè sódò bí ọkàn ẹlòmíràn, òun náà á sì sọ "Bísímílà" sínú.

Lọ́sàn-án ni Ládi, àgbà tó gbẹ̀bí Yàhàyá, yà láti kí wọn. Ó rí bí Ràúdátù ṣe fara ti ògiri, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

Kò tíì sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀. Ràúdátù tú ìró, ó sì fi ibẹ̀ hàn án. Nígbà tí Ládi wò ó tán, ó mí kanlẹ̀.

"Omi tó ń mú ojú ara rọ̀ ni. Ẹnu ibi tó ń gbà jáde ló dí, ó wá kóra jọ. Má tẹ̀ ẹ́, má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án."

Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú àwo amọ̀ fífẹ̀, ó ní kó jókòó sínú rẹ̀. Bí omi bá ti ń tutù, á tún bu òmíràn sí i. Kí oòrùn tó rọ̀, kókó náà bẹ́ fúnra rẹ̀, ọyún dà jáde, ara Ràúdátù sì fúyẹ́.

Ládi ní, "Máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó lè padà."

Nígbà tí wọ́n kí Aláásárì, Ràúdátù jókòó. Gbogbo wọn rí i, kò sẹ́ni tó yọ̀. Ládi ṣàlàyé títí, wọn kò gbà á gbọ́.

Àṣàbí ní, "Omi ara kì í ní kéèyàn má jókòó lórí ìrun."

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, tòun ti Yàhàyá lọ́wọ́. Kò wo ojú rẹ̀, ikùn rẹ̀ ló ń wò, àlùjọ̀nnú ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àlejò, ṣé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀?"

Ràúdátù la ẹnu láti sọ pé kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Ó rí bí Àṣàbí ṣe fún ọmọ mọ́ àyà.

"A ti yọ̀ǹda rẹ̀."

Ohùn tó jáde lẹ́nu Ràúdátù nípọn, ó sì balẹ̀. Àṣàbí gbé ọmọ fún un kíá, ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Yàhàyá ti di ọmú mú, ó ń mu ún. Ràúdátù di ọmọ rẹ̀ mú, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí kò mọ ibi tí òun ti rí ohùn náà.