Ẹbí Akàn ni Alẹ̀mákàn

Wọ́n ní ẹnu èmi Àràmọ́tù ló fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún fún Tìjáànì. Irọ́ ni. Ẹnu mi dá sí i, mo gbà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an kò lè sọ̀rọ̀. Inú abọ́ omi òkun ló wà, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, ẹ̀yìn akàn ló sì lẹ̀ mọ́.

Ọmọ Gàní ni Tìjáànì, ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ bá Ọlọ́run. Kúlúsúmù ni ìyá rẹ̀. Aṣọ ni Kúlúsúmù ń tà ní ọjà Arzèkè ní Parákú níbí, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí a kì í jà, kò sì sí ọjọ́ tí a kì í jọ jẹun ọ̀sán. Ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wa ni, ọkọ rẹ̀ ló sì ń pè mí, bó ṣe yẹ kó rí.

Rẹ̀mílẹ́kún ní tirẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ní ìsàlẹ̀ etí omi. Lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira ni ìjọba rán an wá sí Parákú, kó máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa ẹranko àti ewéko. Èmi ni mo fún un ní yàrá nínú ilé mi ní àdúgbò Ladjifarani. Ọjọ́ tó kó ẹrù wọlé, ohun tó kọ́kọ́ gbé kọ́ ara ògiri kì í ṣe fọ́tò ìyá rẹ̀. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun ni, ó fẹ̀ bí àtẹ, nǹkan funfun róbótó-róbótó sì lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Mo ní ṣé ìgbóná ló bá ìjàpá yìí jà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Tìjáànì náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí kì í bi mí bóyá mo jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ní, "Tìjáànì, ṣé èmi lò ń wá kí, àbí ìjàpá ara ògiri?" Ó ní, "Táǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kúlúsúmù kò fẹ́. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọbìnrin náà ń lọ, lèmọ́mù àdúgbò wa ti ní ìyẹn kò dí nǹkan. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í pẹ́ níbì kan. Ó ní, "Bó bá di ọ̀la, wọ́n á ní kó máa bọ̀ ní Kútọnu, Tìjáànì á sì di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ìyàwó. Òun nìkan ni Gàní fi sílẹ̀ fún mi, ọkọ mi. Ta ló kù tí yóò máa pè mí ní ìyá nínú ilé yẹn?" Kò gbé ohùn sókè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni Gàní.

Síbẹ̀ mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà se oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí a kò bá jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí, kí la mọ̀ nípa rẹ̀? Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí oúnjẹ náà kò bá bá òun lára mu, kí n má tún dá ọ̀rọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún sílẹ̀ mọ́ títí láé. Mo ní ó dára. Mo mọ ọbẹ̀ tí ọmọ yẹn ń sè, ọkàn mi balẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbé àpò akàn dé láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n fi ewé tútù bò wọ́n, wọ́n ṣì ń rìn. Ìgò omi òkun kan bá wọn wá. Ó mú akàn kan sọ́tọ̀ sínú abọ́ pẹ̀lú omi náà, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó se ìyókù pẹ̀lú ata àti epo, òórùn ọbẹ̀ náà sì gba gbogbo àgbàlá títí àwọn ayálégbé fi ń wá bá mi ṣeré tí a kò jọ ṣe rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Kúlúsúmù dé pẹ̀lú Tìjáànì. Ó jókòó, Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó jẹ òkèlè kan, ó jẹ èkejì, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Èmi ti ń ronú aṣọ tí n óò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìgbà tó yí akàn dojú dé nínú àwo, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nǹkan funfun róbótó bíi mẹ́ta lẹ̀ mọ́ igbá ẹ̀yìn akàn náà.

Ó ní, "Ìgbín nìyí."

Gbogbo ọjà Arzèkè ló mọ̀ pé Kúlúsúmù kì í jẹ ìgbín. Bàbá rẹ̀ ló kà á léèwọ̀ fún gbogbo ọmọ tó bí, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó rú òfin yẹn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn." Tìjáànì rọ jọ sórí àga bí ewé tí oòrùn pa.

Inú bí mi. Kì í ṣe Kúlúsúmù ló bí mi nínú, àwọn nǹkan funfun yẹn ni. Àwọn ará etí omi, wọn kì í fọwọ́ kan wọ́n, wọ́n á kàn sè wọ́n mọ́ akàn, a ò sì mọ̀ wọ́n rí níbí. Mo ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, sọ̀rọ̀. Àbí nítorí kí nìjọba ṣe ń sanwó fún tísà?"

Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ìgbín. Ẹbí akàn ni."

Kúlúsúmù ní, "Ohun tó wọ ìkarahun, tí kì í rìn, tó lẹ̀ mọ́ nǹkan gbagidi, bí kì í bá ṣe ìgbín, ṣé àdàbà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó wí fún ìgbà pípẹ́, Màmá. Ìkarahun ni wọ́n wò, wọ́n sì kà á mọ́ ìgbín."

"Ẹ ò rí i? Òyìnbó pàápàá gbà."

Mo ní, "Jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀, ìyàwó mi, ilé rẹ kò jìnnà."

Rẹ̀mílẹ́kún lọ gbé abọ́ akàn ààyè wá síwájú wa. Alẹ̀mákàn, bí mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ láti ọjọ́ yẹn, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó panu dé. A bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo wa. Kò ṣe nǹkan kan. Kúlúsúmù mí kanlẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí eléyìí má dójú tì wá. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí lókè rẹ̀, nǹkan tín-ín-rín bí ìyẹ́ yọ jáde, ó ká wọlé, ó tún yọ jáde, bí ọwọ́ tó ń bu gààrí.

Gèlè Kúlúsúmù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. "Kí ló ń ṣe yẹn?"

"Ó ń jẹun, Màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó ní oríkèé bíi ti akàn àti edé. Orí ló fi lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń kó oúnjẹ sẹ́nu."

Ìgbín kò lẹ́sẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀.

Kúlúsúmù jókòó padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ọlọ́jà ló fi sọ ọ́. "Aṣọ méjì lè ní bátànì kan náà, kí òwú wọn má jọra. Ẹni tó bá fi bátànì ra aṣọ, ó ti jẹ gbèsè."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, Màmá. Ìkarahun ni bátànì, ẹsẹ̀ ni òwú." Ó gbé igbá ìjàpá sọ̀ kalẹ̀ láti ara ògiri. "Ẹ wo àwọn tó lẹ̀ mọ́ ìjàpá yìí. Wọ́n tóbi ju ti akàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to ògiri ilé wọn. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Àwọn ìbátan wọn kan ń gbé lára àbùùbùtán. Àwọn míì ní ọrùn gígùn, ara igi tó léfòó lórí òkun ni wọ́n ń gbé, ìyẹn ti jìnnà díẹ̀."

"Bí àwa àti àwọn ará Kétu," ni Kúlúsúmù wí. "Báwo ni àwọn òyìnbó ṣe wá mọ̀ pé ẹbí akàn ni wọ́n?"

"Wọ́n wo ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, kò ní ìkarahun rárá. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ edé, ó ń wá ibi tí yóò gbé. Bó bá rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi orí lẹ̀ mọ́ ọn, á kọ́ ilé yí ara rẹ̀ ká, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́."

Mo mọ ohun tí Kúlúsúmù ń rò. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti kó aṣọ nígbà èwe, ó ń ná ọjà kan dé òmíràn, títí ó fi dé Parákú tó kọ́ ilé síbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà retí rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ìtẹ́ òkú wa níbí ni wọ́n sin ín sí.

Ó ní, "Bí èèyàn bá fẹ́ ṣí i kúrò ńkọ́?"

"Ó máa fọ́ ni, Màmá."

"Ìwọ ńkọ́? Bí ìjọba bá ní kó o máa bọ̀ ní Kútọnu?"

Tìjáànì gbójú sókè. Rẹ̀mílẹ́kún wo inú abọ́ akàn. Ó ní, "Màmá, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ akàn, ibi tí akàn bá lọ ló ń bá a lọ. Tìjáànì ti sọ fún mi pé òun kò ní fi yín sílẹ̀. Bí ìjọba bá ní kí n máa bọ̀, n óò fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, n óò wá ibòmíràn kọ́ ọmọ nínú Parákú níbí. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó se ọbẹ̀ yìí."

Kúlúsúmù wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni akàn náà?"

"Èmi ni, Màmá."

"Abájọ tó o fi ń rìn gbágungbàgun láti ọjọ́ yìí." Ó fa àwo mọ́ra. "Ẹ bá mi bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i, èyí ti tutù."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ èkejì. Àmọ́ ó kọ́kọ́ fi èékánná ṣí àwọn alẹ̀mákàn, tí ooru ọbẹ̀ ti tú, kúrò, ó tò wọ́n sí etí àwo. Mo ní ṣebí ó ti gbà. Ó ní, "Mo gbà pé ẹbí akàn ni. Ta ló ní mo gbà láti jẹ ẹ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó tú etí ìró rẹ̀ ní ìsọ̀, ó kó àwọn ìkarahun funfun náà sórí aṣọ tó ń tà. Obìnrin kan tó wá ra aṣọ bi í pé ìgbín kí nìyẹn.

"Kì í ṣe ìgbín," ni Kúlúsúmù wí, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà wa lè gbọ́. "Ẹbí akàn ni. Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́ mi."

A kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ sí Àjàṣẹ́ láti tọrọ ìyàwó kankan.